Erinmi Tí Bàbá Géètì Fà Ya

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá Géètì wọ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, tó ń fa ìwé ya mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì kejì, pákó fẹ́lẹ́ ló sì là wá láàárín, nítorí náà kì í ṣe pé ẹnì kan ló wá ròyìn fún mi. Etí mi ló gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ojú mi ló rí ìyókù.

Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá Géètì ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa. Ọwọ́ òsì nìkan ló ní. Ọ̀tún ti gé kúrò láti ìgúnpá, ó sì máa ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, á fi píìnì gbá a mú. Ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn ló fi ń ti géètì onírin, òun ló fi ń gbálẹ̀, òun náà ló fi ń di okùn bàtà àwọn ọmọ. Á ní kí ọmọ gun àga dúró, á fi eyín di etí okùn kan mú, á fi ọwọ́ lọ́ èkejì, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín pé irùngbọ̀n ń rìn òun lẹ́sẹ̀. Bí òbí bá béèrè ohun tó mú ọwọ́ rẹ̀ lọ, á ní, "Ẹran omi ni," á sì kọjú sí títì. Bí ọmọ bá fẹ́ sá jáde, á kàn na ẹsẹ̀ gbọọrọ rẹ̀ dí ọ̀nà: "Ọ̀gá mi, ó di ibo?" A kò gbọ́ kó gbé ohùn sókè rí.

Tíṣà àwọn ọmọ yẹn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí ara rẹ̀ yá bí iná inú ọyẹ́, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Lẹ́tà E ni wọ́n ń kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ti kun ejò, wọ́n ti kun ewúrẹ́, ó wá kan erinmi. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò dúdú yà á, tó ṣe fótókọ́pì rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Erinmi náà sanra rọ̀gbọ̀dọ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí èèyàn, ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín kóńkó méjì sì yọ lẹ́nu rẹ̀ bí hóró ṣúgà. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ikùn, kí wọ́n má kùn kọjá ìlà, kí ẹni tó ń jẹ kírẹ́yọ̀nù pupa tutọ́ rẹ̀ dànù kíákíá.

Ìgò omi tí ọmọ kan gbàgbé sí ẹnu géètì ni Bàbá Géètì gbé wá. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì yẹn tí a máa ń pè ní Ọ̀gá Ìbéèrè, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló na ìwé rẹ̀ sókè.

"Bàbá Géètì, ẹ wo erinmi mi! Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn èèyàn."

Ìgò omi bọ́ sílẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà, mi ò mọ̀ pé tirẹ̀ ni. "Kì í rẹ́rìn-ín! Ta ló sọ fún yín pé ó ń rẹ́rìn-ín?" Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ó já ìwé ọmọ náà gbà, ó fi eyín dì í mú, ó fà á ya. Ó bọ́ sórí tábìlì kejì, ó bọ́ sórí ìkẹta. Ó fi ẹsẹ̀ ta àga kan, àga fò lọ ba pákó, pákó tó là wá láàárín mì tìtì. Páálí kírẹ́yọ̀nù dojú dé, àwọn ọmọ sì fi igbe ta. Ọmọkùnrin kékeré kan kọ̀ láti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ó di ìwé náà mú gírígírí. Bàbá Géètì fà á, ìwé ya sí méjì, ọmọ fò ṣánlẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì gbá etí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo ṣì wà tí ìgbájú fi dún. Tíṣà ló gbá a fún un, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún fún àgbàlagbà tó jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Àní àwọn tó ń sunkún pàápàá gbàgbé ẹkún. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Bàbá Géètì wo tíṣà, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ náà, ó wo bébà tó wà ní ìkúùkù rẹ̀. Ó jáde, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ géètì.

Bàbá ọmọ náà dé kí ó tó pé wákàtí kan. Kò béèrè ohunkóhun. Ó gbé Bàbá Géètì dìde ní kọ́là, ó kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ méjì lẹ́nu, ó ń múra ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí n tó dì í lápá. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí Bàbá Géètì ní, kò fi dáàbò bo ojú rẹ̀.

Mọ́mì, bí a ṣe ń pe ọ̀gá ilé-ìwé wa, jáde wá nígbà tí ariwo rọlẹ̀. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. "Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá ní àlàyé, ẹ mú un wá. Bí ẹ ò bá ní, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá a níta lórí bẹ́ǹṣì, ètè rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo gbé omi tútù fún un. Ó fi fọ ẹnu, ó tutọ́ ẹ̀jẹ̀ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í.

Apẹja ni tẹ́lẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ló ní ọkọ̀ kan. Ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà, àbúrò jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kò sì tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ tí àbúrò gbé aránṣọ kan níyàwó. Lọ́jọ́ yìí, oòrùn ti yọ, ẹja ti kún ọkọ̀, àwọn tó ń rajà ní èbúté kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó gba ojú odò gan-an jìn. Ọ̀nà tóóró kan wà tó gba àárín koríko gíga já sí èbúté. Àbúrò jókòó níwájú, òun wà lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀.

"Àbúrò mi na ọwọ́ sókè," ó ní. "Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró. Mo rí etí.' Mo ní etí kí ni. Ó ní, 'Etí méjì. Ó gbọ̀n, ó sì rì.' Mo ní kùkùté ni, mo ní ìyàwó tuntun ti sọ ọ́ di ojo. Ó wẹ̀yìn wò mí. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, kùkùté kì í gbọn etí.' Mo rẹ́rìn-ín, tíṣà. Mo fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ wọ inú koríko."

Ìsàlẹ̀ ni ẹran náà ti gbé wọn. Ọkọ̀ kúrò lórí omi, ó dúró nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ó ń ronú, lẹ́yìn náà ni ẹnu kan là ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ó gbòòrò bí ilẹ̀kùn, eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn tó apá ọmọdé. Ó ṣẹ́ ọkọ̀ sí méjì bí ẹni ṣẹ́ ìrèké. Ó gbé àbúrò ní ìbàdí, ó jù ú lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sọ ọ́ nù. Ọ̀nà tí àbúrò gbà bọ́ sómi, alààyè kì í bọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n fi àjẹ̀ gbá a nímú. Erinmi gba àjẹ̀, ó gba ọwọ́ mọ́ ọn.

"Kò dùn mí nígbà yẹn. Ìró rẹ̀ ni mo gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná. Mo fi àyà wọ́ wọ inú koríko. Ibẹ̀ ni mo ti bojú wẹ̀yìn, mo rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò tóbi ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì lọ."

Nígbà tí àwọn èèyàn dé, tí wọ́n bi í léèrè, ó ní ẹran náà kàn yọ sí wọn lójijì, ó ní kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ohun tó sọ fún ìyá wọn nìyẹn, òun ló sọ fún ìyàwó àbúrò, òun ló ń tún sọ títí ó fi dà bí òótọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin méjìlá gbé ìbọn àti ọ̀kọ̀ lọ sí inú koríko náà. Ó tẹ̀lé wọn, báńdéèjì ṣì wà lápá rẹ̀, ó gbé àáké sí ọwọ́ òsì. Ìbọn mọ́kànlá ni wọ́n yìn fún ìyá kí ó tó ṣubú sí etí bèbè. Omi pọ́n. Ọmọ rẹ̀ kò sá. Ó ń fi orí ti ìyá rẹ̀ ní ikùn, ó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Mo ní rárá. Mo ní èmi ni n óò ṣe é. Ọwọ́ òsì kò sì mọ iṣẹ́ náà. Mo ṣá a, mo ṣá a, kò kú. Ó ń wò mí. Mo tún ṣá a. Nígbà tó kú, wọ́n gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní ọkùnrin ni mí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè. "Èmi ni mo pa àbúrò mi, tíṣà. Ẹran yẹn kàn ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ni."

"Ta lẹ ti sọ ọ́ fún rí?"

"Ìwọ nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú kọ́kọ́rọ́ àti àlàyé wá. Mi ò mọ èwo ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ níwájú Mọ́mì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, kọ́kọ́rọ́ ti padà sí ìbàdí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Tíṣà wọn ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun yóò dúró tì í, òun kò sì ní jókòó.

Wọ́n fún un ní àga àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ó ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, torí pé lẹ́nu géètì, òun ló ń kó wọn wọlé. Ó kan ọmọkùnrin tí wọ́n lẹ pílásítà mọ́ lágbọ̀n.

"Ṣé ẹ máa tún fà á ya?" ọmọ náà bi í.

"Mi ò ní fà á ya mọ́."

"Ẹ búra."

Ó búra. Lẹ́yìn náà ló ní kí tíṣà yá òun ní bírò rẹ̀ àti bébà ńlá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó sì fi ọwọ́ òsì fa ìlà gígùn kan láti etí bébà kan dé ìkejì. Ó ya etí kékeré méjì sórí ìlà náà, ó ya ojú méjì, ó ya ihò imú méjì. Ó dé bírò.

Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò títí. "Bàbá, kí ni wọ́n á wá kùn? Omi nìkan ló kù."

"Omi náà ni kí wọ́n kùn. Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá rí èyí, kó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà."

"Èmi ò ní ọkọ̀," ọmọ kan sọ.

"Bó o bá ní."

Tíṣà ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Àwọn ọmọ sì kun omi láàárọ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Àwọn kan kùn ún ní búlúù, àwọn kan ní àwọ̀ ewé. Ọmọ onípílásítà kun tirẹ̀ ní pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi agbára tẹ̀ ẹ́ débi pé kírẹ́yọ̀nù kán mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé omi kì í pọ́n.

Ọ̀gá Ìbéèrè gbé bébà tirẹ̀ wá. "Bàbá Géètì, ìyókù rẹ̀ dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i?"

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Géètì gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbúrò mi ló rí i. Ó sọ fún mi, mi ò gbà á gbọ́."

"Kí ló dé?"

"Mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ."

Ọmọ náà mi orí bí àgbà tó ti rí ayé. "Bí bọ̀ọ̀dá mi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó ní, ó sì padà sórí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, tíṣà fi orúnkún kan kanlẹ̀ níwájú Bàbá Géètì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo nawọ́ sí yín."

"Dìde, ọmọ mi. Ká ní ẹnì kan gbá mi nírú rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn ni, ǹ bá ní ọwọ́ méjì."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ó wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò òun. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rẹ̀ wà ní ìkòríta kan, yàrá kan tó gba máṣíìnì, tábìlì ìgéṣọ àti aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ títí dé àjà. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó fi gíláàsì sí góńgó imú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin àti àlejò. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, kò fi àtíkè kùn ún: etí méjì, kùkùté, ẹ̀rín tó rín, gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kò dá máṣíìnì dúró. Ó ń ránṣọ lọ títí ìlà fi parí, ó gé òwú, ó bọ́ gíláàsì.

"Ó rí i," ó ní.

"Ó rí i, Ìyàwó."

Rúlà igi tó fi ń wọn aṣọ ló gbé. Èyí àkọ́kọ́ bà á ní èjìká, ìkejì bà á lórí. Ó ń lù ú, kò sì pariwo, ìmí rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, títí rúlà fi kán. Ó wá gbé áyọ́ọ̀nù tó gbóná. Mo fò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gé mi jẹ ní apá, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù bọ́. Ìgbà yẹn ni ohùn rẹ̀ tó jáde.

"Ọdún mẹ́tàlélógún! Ojú ọkọ mi mú bíi tàṣá! Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń bi ara mi pé báwo ni kò ṣe rí i. A jà mọ́jú ọjọ́ yẹn, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, kò sùn dáadáa. Mo ní oorun ló ń kùn ún nínú ọkọ̀. Mo ní èmi ni mo pa á! Ẹ sì ń wá síbí, ẹ ń jẹun mi, ẹ ń wò mí lójú!"

Bàbá Géètì kò mọ èyí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n rárá. Gbogbo ẹgba yẹn kò ṣe é léṣe tó ọ̀rọ̀ náà. 

"Ẹ jáde," obìnrin náà ní.

A jáde. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti orí rẹ̀ sí ọrùn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní apá tèmi náà, àwọn tó ń kọjá sì ń yà fún wa.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ó padà lọ. Kò wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà gbálẹ̀, ó gbá eruku sí i lára. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó da omi ìfọṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, oníbàárà kan rò pé obìnrin náà gba ọlọ́dẹ síṣẹ́, ó kí i kú oríire. Síbẹ̀ kò lé Bàbá Géètì. Mo bi Bàbá Géètì pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ó ní kò sí. Ó ní òun kàn fẹ́ wà níbi tí ọwọ́ obìnrin náà lè tó òun.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin kí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Mo gbé ṣòkòtò kan lọ fún obìnrin náà láti bá mi tún un ṣe, nítorí náà mo wà níbẹ̀. Oòrùn ti ń rọlẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́, kò rí i. Ó ṣépè fún abẹ́rẹ́, ó jáde síta, ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì láìwo ojú rẹ̀.

"Ẹ bá mi kì í bọ̀ ọ́."

Bàbá Géètì wo abẹ́rẹ́. Ó wo òwú. Ó wo apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ká sókè. Obìnrin náà bá a wò ó. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ń fi aṣọ oníbàárà nu ojú, ó ń sọ pé, "Yéè, orí mi ò pé, orí mi ò pé rárá." Bàbá Géètì kò rẹ́rìn-ín. Ó gba abẹ́rẹ́, ó gún un mọ́ igi bẹ́ǹṣì kó lè dúró ṣánṣán, ó fi itọ́ rin òwú, ó sì tẹrí ba sí i. Ó gbìyànjú bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Obìnrin náà dákẹ́ ẹ̀rín, ó jókòó sí etí kejì bẹ́ǹṣì náà, ó sì dúró dè é.